Nínú àwọn ayé eré orí tábìlì àtijọ́, èwo ló kàn tí wọn yóò tún gbé dìde?

Olùdarí_Tánkẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ti gbé ìwé méjì jáde lórí ayé eré Forgotten Realms ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, tí ti Eberron sì tẹ̀lé e láìpẹ́, ìbéèrè kan náà ni àwa tí a jọ ń ṣeré D&D (Dungeons and Dragons, eré orí tábìlì tí olùdarí kan ń sọ ìtàn, tí òṣèré kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe ẹ̀dá kan nínú rẹ̀) ní Ìlọrin ń bi ara wa: nínú àwọn ayé eré tí ilé-iṣẹ́ TSR dá sílẹ̀ kí Wizards tó rà á ní 1997, èwo ló kù tí wọn yóò tún gbé jáde? Mo fẹ́ kí a jíròrò rẹ̀ níhìn-ín ní kíkún, nítorí pé lórí WhatsApp ọ̀rọ̀ gidi máa ń sọnù sáàárín àwọn àwòrán ẹ kú Jímọ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa, Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe D&D, ó sì jáde ní 1974. Òfin eré nìkan kò tó ẹni tó ń darí eré. Ó nílò ayé kan tí ìtàn yóò ti máa ṣẹlẹ̀, ayé tó ní ìlú, ọba, òrìṣà, ọ̀nà ọjà àti ìjà àjogúnbá. TSR dá irú ayé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, débi pé nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1990 àwọn oníbàárà rẹ̀ ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ: ẹni tó ń ra Ravenloft kì í ra Dark Sun, ẹni tó ń ra Planescape kò sì bìkítà fún Birthright. Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ ìtàn ilé-iṣẹ́ náà ka èyí mọ́ ara ohun tó jẹ́ kí gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Wizards kọ́gbọ́n níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú ayé kọ̀ọ̀kan jáde, tí wọn kì í sì í yára padà sí i.

Ẹ wo bí wọ́n ti ṣe é láti ìgbà tí ẹ̀dà karùn-ún òfin eré náà ti dé ní 2014. Curse of Strahd gbé apá kan Ravenloft wá ní 2016. Eberron dé ní 2019. Ìwé Ravenloft tó kún rẹ́rẹ́ dé ní 2021. Spelljammer àti Dragonlance jáde ní 2022. Planescape ní 2023. Ní 2024, Greyhawk wọ inú ìwé olùdarí eré tuntun gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ayé tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè lò. Bí mo ti tò wọ́n síra, ohun tí mo rí ni pé kì í ṣe ayé tí àwọn àgbà òṣèré fẹ́ràn jù lọ ni wọ́n ń gbé dìde, bí kò ṣe èyí tó bá ní ohun kan tí kò sí nínú ìwé òfin. Spelljammer mú ọkọ̀ ojú omi tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀ wá. Eberron mú artificer wá, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń fi idán ṣe ohun èlò. Planescape ní ìlú Sigil, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sí gbogbo ayé. Greyhawk, tó dàgbà ju gbogbo wọn lọ, kò ní irú ohun bẹ́ẹ̀, nítorí pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti gé ìwé òfin jáde; orí kan ṣoṣo ló sì rí gbà. Bí òṣùwọ̀n mi yìí bá dúró, Dark Sun ló kàn. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ_Ìjàkadì_Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n Olùdarí, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi gbà pẹ̀lú yín, àní mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àbá lásán. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ náà gbé Psion síta kí àwọn òṣèré lè dán an wò, èyíinì ni ẹni tó ń fi agbára ọkàn ṣe ohun tí onídán ń fi ọfọ̀ ṣe. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, wọ́n tún gbé irú ènìyàn mẹ́rin síta: jagunjagun tó ń jà ní gbàgede fún ìran wíwò, oṣó tí idán rẹ̀ ń ba ilẹ̀ jẹ́, druid (onídán igbó) tó ń dáàbò bo ohun ọ̀gbìn, àti warlock tó jẹ́ pé ọba onídán ló bá mulẹ̀. Ẹni tó bá ti ka Dark Sun rí kò lè rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú kan náà kí ó má mọ ibi tí wọ́n dorí kọ.

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa ayé náà nítorí àwọn tí kò tíì kà á. Ọdún 1991 ni ó jáde, láti ọwọ́ Troy Denning àti Timothy B. Brown, àwòrán Brom ló sì fún un ní ojú tí a fi ń dá a mọ̀ títí dòní. Athas ni orúkọ ayé náà. Oòrùn rẹ̀ ti pọ́n, òkun rẹ̀ ti gbẹ, kò sì sí òrìṣà tó ń gbọ́ àdúrà níbẹ̀. Irin ṣọ̀wọ́n débi pé egungun, igi àti òkúta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ṣe ohun ìjà. Idán ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀: ara ewéko ni gbogbo onídán ti ń fa agbára, ẹni tó bá fà á níwọ̀n, ilẹ̀ yóò yè é, ẹni tó bá sì fi ìwọra fà á, eérú ni yóò fi sílẹ̀ níbi tó dúró sí. Àwọn tó fà á jù lọ ló wá di ọba onídán tó ń ṣàkóso àwọn ìlú bíi Tyr àti Urik. Ikú sì yá níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwé àkọ́kọ́ fi ní kí òṣèré kọ̀ọ̀kan to ẹ̀dá mẹ́rin sílẹ̀, kí ọ̀kan lè rọ́pò èyí tó bá kú.

Gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí ẹ fi lélẹ̀, kò sí ayé mìíràn tó ní ohun tuntun tó bẹ́ẹ̀. Òùngbẹ, ìrìn aṣálẹ̀, ohun ìjà tó lè ṣẹ́ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, idán tó ní gbèsè tí ilẹ̀ ń san: ìwé òfin tí a ní lónìí kò kọbi ara sí ìkankan nínú wọn. Ẹni tó ti dé ìpele kẹta nínú ẹ̀dà karùn-ún kì í tún ronú nípa oúnjẹ àti omi mọ́.

Ìyá_Olùkọ́_ÒmùÀrán

Ẹ kú àròjinlẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ Ìjàkadì, o ṣàlàyé dáadáa, ṣùgbọ́n o fo ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ pé òun gan-an ni ìdènà. Ní 2023, Kyle Brink, tó wà lára àwọn tó ń darí D&D nígbà náà, sọ ní gbangba pé ìṣòro inú Dark Sun pọ̀, àti pé ìdí pàtàkì tí wọn kò fi padà sí i nìyẹn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ẹrú ló wà lókè àwọn ìṣòro náà. Ẹrú ló ń ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé ní àwọn ìlú Athas, ẹrú ló ń kú ní gbàgede ìjà, mul tó jẹ́ ọmọ ènìyàn àti dwarf (aràrá) sì wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá tí àwọn olówó ń mọ̀ọ́mọ̀ bí fún iṣẹ́ àṣekú. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọjà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Amẹ́ríkà yóò ro ó dáadáa kó tó tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ èmi kò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ẹ rántí Freedom, ìwé ìrìn-àjò tó jáde pẹ̀lú ayé náà ní 1991: àwọn òṣèré fúnra wọn ni wọ́n mú lẹ́rú ní Tyr, níbi tí ọba Kalak ti ń kọ́ ilé ńlá kan tí kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà fún, òpin ìtàn náà sì ni pé ọba kú, àwọn ẹrú sì gba òmìnira. Ayé tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí kò yin ìkónilẹ́rú. Àwa tí a wá láti ilẹ̀ Ìgbómìnà, láti Ọ̀fà, láti Ìlọrin pẹ̀lú, a kò ní láti rìn jìnnà kí a tó gbọ́ ohun tí ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ṣe. Ìlú tó tú kò kéré, àwọn tí wọ́n kó lọ kò kéré, àwọn tó kó wọn kì í sì í ṣe àjèjì pátápátá. Mo ti darí eré lórí ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà tó ti jọ mọ ara wọn pẹ́, a sì sọ fún ara wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ ohun tí a ó fi ẹnu kàn àti ohun tí a ó gbójú fò. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lẹ́yìn eré náà dára ju eré náà fúnra rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá yọ ẹrú kúrò nínú Athas, àwọn ọba onídán yóò wá dà bí alága kánsù tí kò tún ọ̀nà ṣe.

Ọ̀nà àbáyọ wà, àwọn gan-an ló sì ti là á. Nígbà tí wọ́n tún Dark Sun gbé jáde fún ẹ̀dà kẹrin ní 2010, ẹ̀yìn ikú Kalak ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà, nígbà tí Tyr ti dòmìnira tí àwọn ìlú yòókù sì ń ṣọ́ ọ lójú burúkú. Ìlú tí àwọn ẹrú àná ń ṣàkóso, tí kùsà irin rẹ̀ sì ń wọ gbogbo aládùúgbò lójú: ta ni yóò máa wa irin náà báyìí, owó wo ni wọn yóò sì gbà? Ibẹ̀ ni èmi yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìwé tuntun, bí wọ́n bá bi mí.

Olùdarí_Tánkẹ̀

Ẹ ṣé púpọ̀, Mà. Mo ti ń ro àtibẹ̀rẹ̀ láti Tyr olómìnira, ṣùgbọ́n ìbéèrè nípa owó iṣẹ́ àwọn tó ń wa irin ni kò wá sí mi lọ́kàn rí.

Ohun kan ló ń bà mí lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ ẹrú lọ, òun ni bí ìwé náà yóò ṣe tó. Spelljammer tó dé ní 2022 jẹ́ ìwé mẹ́ta nínú páálí kan, ojú-ewé 64 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mẹ́ta náà sì ní láti gba òfin, ẹ̀dá abàmì àti ìrìn-àjò. Àwọn tó rà á torí ìjà láàárín ọkọ̀ àti ọkọ̀ kò rí òfin tó tó nǹkan níbẹ̀. Planescape sàn jù ú lọ, nítorí pé méjì nínú ìwé rẹ̀ mẹ́ta jẹ́ ojú-ewé 96. Bí wọ́n bá fún Athas ní irú páálí bẹ́ẹ̀, tí Psion jẹ apá kan, tí ẹ̀dá abàmì jẹ apá kejì, ibo ni wọn yóò kọ àwọn ìlú sí?

Alfa_Òkèlele

Assalamu alaykum. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ aṣálẹ̀, ẹ wá gbàgbé aṣálẹ̀ tó ní omi, dàbínù àti ilé tíì. Al-Qadim ni mo fẹ́ mú wá síwájú yín. Jeff Grubb, ẹni kan náà tó ṣe Spelljammer, ló kọ ìwé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1992. Zakhara ni wọ́n ń pe ilẹ̀ náà, ó sì wà lórí Toril, ayé kan náà tí Forgotten Realms wà, ní ìhà gúúsù. Ìlú Huzuz ni olú-ìlú rẹ̀, níbi tí kálífà ń gbé. Àyànmọ́ ló ń darí ohun gbogbo níbẹ̀, ọ̀wọ̀ àlejò sì lágbára débi pé ẹni tó bá ti jẹ iyọ̀ ènìyàn kò gbọdọ̀ bá a jà.

Ìyàtọ̀ tí Olùdarí ń béèrè wà níbẹ̀. Sha'ir ni wọ́n ń pe irú onídán kan tí kì í ka ìwé idán rárá. Ó ní àlùjọ̀nnú kékeré kan tó ń rán níṣẹ́ pé kí ó lọ wá idán wá fún òun, iṣẹ́ náà sì lè pẹ́, ó sì lè má yọrí sí rere. Bí agbára rẹ̀ ti ń pọ̀ ni yóò máa bá àlùjọ̀nnú tó ga jù lọ dúnàá-dúrà. Ọmọ tó bá dàgbà ní Ìlọrin, tó jókòó sí ilé kéwú, tó sì gbọ́ ìtàn àwọn tó ń pàṣẹ fún àlùjọ̀nnú, kò nílò àlàyé gígùn kó tó mọ bí yóò ṣe ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tibi tire. Kò sí Ìsìláàmù nínú Zakhara. Òrìṣà tí wọ́n dá fún eré, bíi Kor àti Najm àti Hajama, ni wọ́n ń sìn. Èyí rọrùn fún mi, nítorí pé èmi kò ní jókòó síbi tí wọ́n ti ń fi dáìsì pinnu ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn mi. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ṣe ayé náà ni Arébíà, Páṣíà àti ìtàn Ẹgbẹ̀rún Òru Àti Ọ̀kan, tí wọ́n pò pọ̀ bí ẹni pé ibì kan náà ni gbogbo wọn ti wá, sinimá Hollywood sì wà nínú àdàpọ̀ náà. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e jáde lónìí, ọwọ́ àwọn tó ti ilẹ̀ wọ̀nyẹn wá ni wọ́n ní láti fi í lé. Mo ṣàkíyèsí pé nígbà tí wọ́n fẹ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 2022, ilẹ̀ tuntun ni wọ́n ní kí àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú àti àwọn mìíràn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun dá sílẹ̀ nínú Journeys through the Radiant Citadel. Wọn kò pè wọ́n síbi àtúnṣe ilé àtijọ́. Èmi rò pé bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe máa ṣe é nìyẹn. Zakhara lè wọlé gẹ́gẹ́ bí orí kan nínú ìwé Forgotten Realms mìíràn, nítorí pé ayé kan náà ni wọ́n wà, iye owó tí yóò ná wọn kò sì pọ̀. Ìwé tirẹ̀ fúnra rẹ̀, mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Ọmọ_Ìgbómìnà

Mo kí gbogbo yín. Ó yà mí lẹ́nu pé a ti sọ̀rọ̀ dé ibí, tí ẹnì kan kò sì tíì sọ̀rọ̀ lórí Birthright yàtọ̀ sí pé Olùdarí mẹ́nu bà á lọ́nà ìgbèsè.

Rich Baker àti Colin McComb ló wà nídìí rẹ̀, ó sì jáde ní 1995. Ní ayé mìíràn, òṣèré jẹ́ alárìnkiri tó ń wá wúrà nínú ihò. Ní Cerilia, ilẹ̀ tí Birthright ti ń ṣẹlẹ̀, ọba ni òun, tàbí olórí ẹlẹ́sìn, tàbí olórí àwọn oníṣòwò, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn òrìṣà àtijọ́ pa ara wọn run ní òkè Deismaar láti dènà òrìṣà ibi kan, agbára wọn sì dà sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tó ń jagun níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ló ń jọba. Àwọn tó jogún agbára òrìṣà ibi, tí ẹ̀jẹ̀ náà sì ti yí ara wọn padà di abàmì, ni àwọn bíi Gorgon tí gbogbo ilẹ̀ ń bẹ̀rù. Ìtẹ́ olú-ọba ilẹ̀ Anuire sì ti ṣófo fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Gbogbo ọba kéékèèké tó yí i ká ló ń wò ó.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ ni pé agbára kò parí sọ́wọ́ ọba. Nínú agbègbè kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà mẹ́rin ni agbára pín sí: òfin, ilé ìsìn, ọjà, àti orísun idán inú ilẹ̀. Ènìyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè di wọ́n mú. Ọba lè wà lórí oyè kí ẹlòmíràn máa ṣe òfin níbẹ̀, olórí oníṣòwò sì lè máa jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ojú kí ó máa fún ọ̀tá rẹ̀ lówó ní ẹ̀yìn. Ẹ̀yin ará Ìlọrin tí ẹ ní Ẹ́míà, tí ẹ tún ní Balógun Gàmbàrí, Balógun Àjíkóbi, Balógun Àlánàmú àti Balógun Fúlàní, tí olúkúlùkù ní àdúgbò àti àwọn ènìyàn tirẹ̀, ẹ ti mọ eré yìí kí wọ́n tó kọ ọ́. Oṣù mẹ́ta ni ìpín àsìkò kan. Láàárín rẹ̀ ni olórí kọ̀ọ̀kan yóò gba owó, rán ikọ̀, kọ́ ilé ìsìn, tàbí kó ogun jọ. Ìrìn-àjò inú ihò ṣì wà, ṣùgbọ́n ìdí tí a fi ń lọ ni pé bí a kò bá lọ, ìlú wa yóò bàjẹ́.

Ọmọ_Ìjàkadì_Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n, bí ó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò fi pẹ́ lórí àtẹ?

Ọmọ_Ìgbómìnà

Ìgbà tó dé ló burú. Ní 1995, TSR ti ń tẹ ìwé ju ohun tí ọjà lè gbà lọ, ọdún méjì péré ló sì kù kí wọ́n tà á. Ìdí kejì wà nínú eré náà fúnra rẹ̀: eré méjì ni nínú ọ̀kan. Ẹni tó fẹ́ràn ìjà máa ń sùn nígbà tí a bá ń pín owó-orí, ẹni tó fẹ́ràn ìṣèlú a sì máa wo aago nígbà ìjà. Olùdarí tó lè gbé méjèèjì kò pọ̀. Lẹ́yìn tí ìwé dúró, àwọn òṣèré ló ń tọ́jú rẹ̀ lórí birthright.net, gẹ́gẹ́ bí àwọn ti Dark Sun ti ń tọ́jú tiwọn lórí athas.org.

Akọ̀wé_Àjàṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ kékeré nípa ayé Mystara kí ẹ tó sọ pé mo dákẹ́. Inú The Isle of Dread, ìwé ọdún 1981, ni a ti kọ́kọ́ rí àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ tó gbòòrò, àwọn ìwé tó ṣàlàyé orílẹ̀-èdè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1987, èyí tí Aaron Allston kọ lórí Karameikos ṣíwájú wọn. Kò sí ayé D&D tí mo mọ̀ tó dára tó o fún ẹni tó ń kọ́ bí a ṣe ń darí eré. Wọn kò sì ní gbé e dìde. Olùdarí ti sọ ìdí rẹ̀ láìpe orúkọ rẹ̀: igbó, ìlú, ọba, dragoni, gbogbo rẹ̀ wà nínú Forgotten Realms. Ilé-iṣẹ́ Goodman Games gba àṣẹ, wọ́n sì tún The Isle of Dread ṣe fún ẹ̀dà karùn-ún ní 2018. Erékùṣù náà padà, ayé tó yí i ká kò padà.

Ìyá_Olùkọ́_ÒmùÀrán

Akọ̀wé, má bínú, ọmọ mi. Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, nítorí pé a ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Wizards nìkan ló ni ayé àtijọ́. Glorantha, ayé tí Greg Stafford bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1975, tí eré RuneQuest sì gbé lárugẹ láti 1978, kò kú rí tó fi yẹ kí a gbé e dìde. Ẹ̀dà tuntun rẹ̀ jáde ní 2018. Drakar och Demoner tí àwọn ará Swídìn ti ń ṣe láti 1982 jáde fún gbogbo ayé ní 2023 pẹ̀lú orúkọ Dragonbane, òfin rẹ̀ sì rọrùn débi pé mo lè fi kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ọ̀sán kan. Ibi tí òǹdá tàbí àwọn tó fẹ́ràn ayé náà bá ti wà nídìí rẹ̀, kò nílò kí ìpàdé àwọn aláṣẹ kan fọwọ́ sí i kí ó tó mí.

Èyí tí èmi fúnra mi yóò fẹ́ kí wọ́n gbé dìde ni Nyambe, tí Christopher Dolunt kọ, tí Atlas Games sì tẹ̀ jáde ní 2002. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀, òrìṣà sì ni wọ́n pe àwọn tí ènìyàn ń bọ níbẹ̀. Fún ìgbà tó jáde, iṣẹ́ tó ní ọ̀wọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kà á, ó hàn sí mi pé ilẹ̀ tó gbòòrò tó ti wa ni wọ́n fẹ́ gbé sínú ìwé kan. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe é padà, kí ó mú ìlú díẹ̀, kí ó sì mọ̀ wọ́n dénú. Ẹ wo Ẹ̀ṣíẹ́ nítòsí wa níbí: ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún, ìtàn tó ní ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀, àti ìbéèrè tí kò tíì ní ìdáhùn nípa ẹni tó gbẹ́ wọn.

Alfa_Òkèlele

Ìyá, mo gbọ́ yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún èrò yín. Èmi kò ní darí eré tí òrìṣà gidi tí àwọn ènìyàn ń bọ nílé wọn bá jẹ́ nọ́ńbà lórí ìwé, gẹ́gẹ́ bí n kò ṣe ní gbà kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí tèmi. Àwọn ère Ẹ̀ṣíẹ́ ni kí ẹ fún mi. Èmi yóò wá òfin tí yóò bá wọn mu.

Olùdarí_Tánkẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dá wa padà sí orí ọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ wù mí kí a dúró ní Ẹ̀ṣíẹ́. Ó yẹ kí a ya ohun tí a fẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọn yóò ṣe. Láti oṣù kìíní ọdún 2023 tí wọ́n ti fi ìpìlẹ̀ òfin ẹ̀dà karùn-ún sábẹ́ Creative Commons, ẹnikẹ́ni nínú wa lè kọ ayé tirẹ̀ kí ó sì tà á láìtọrọ àyè. Orúkọ Athas, Cerilia àti Zakhara ni kò sí lára ohun tí wọ́n fi sílẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi ń dúró dè wọ́n.

Mo ṣì fi Dark Sun síwájú, nítorí Psion àti àwọn mẹ́rin tí Ọmọ Ìjàkadì kà. Mo gbà pẹ̀lú Alfa pé Zakhara kò ní kọjá orí kan. Ṣùgbọ́n Birthright ti yí mi lọ́kàn padà díẹ̀. Ìwé olùdarí eré ti 2024 ní òfin tuntun tí wọ́n ń pè ní Bastion: bí òṣèré bá ti dé ìpele karùn-ún, ó ní ilé olódi tirẹ̀, ó ní àwọn òṣìṣẹ́, ó sì lè pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe ọjà, kí wọ́n ṣe ìwádìí tàbí kí wọ́n gba àwọn ẹ̀ṣọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ìgbómìnà, ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìpìlẹ̀ Cerilia lélẹ̀ láìsọ?

Ọmọ_Ìgbómìnà

Inú mi ì bá dùn bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, Olùdarí, ṣùgbọ́n mo ti ka orí náà dáadáa. Bastion kò ní ará ìlú. Ilé ni, kì í ṣe ilẹ̀. Ọjọ́ méje ni ìpín àsìkò rẹ̀, èyí sì bá ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ láti inú ihò mu. Kò bá ọba tó ń dúró de ìkórè mu. Ní pàtàkì jù lọ, kò sí ẹni tó ń bá ọ du nǹkan nínú Bastion rẹ. Nínú Birthright, bí mo bá kọ́ ilé ìsìn sí agbègbè rẹ, àyè tí tìrẹ ì bá gbà ni mo gbà, o sì ní láti pinnu bóyá o ó fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bá mi sọ ọ́, bóyá o ó fi owó dà mí rú, tàbí o ó kógun wá. Èyí kò lè ti inú òfin ilé olódi jáde. Wọ́n ní láti kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì dán an wò pẹ́, mi ò sì tíì rí ohun kankan nínú àwọn ìwé ìdánwò wọn tó jọ ọ́.

Nítorí náà èmi kò dúró dè wọ́n. Ìwé 1995 ni mo ń lò fún agbègbè, owó àti ọ̀nà agbára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀dà karùn-ún ni mo sì ń lò fún àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Méjèèjì kì í pàdé tó bẹ́ẹ̀ tí wọn yóò fi jà. Káàdì ogun rẹ̀ nìkan ni mo pa tì, nítorí pé ó máa ń jẹ gbogbo ìrọ̀lẹ́ tán.